Ọ̀nà Ni, Àbí Ọkùnrin Tó Wà Níwájú Ni?

Ẹ gbọ́ ná, ìfẹ́ tó bá gba iwájú wọlé, èèyàn á rí i kó tó dé. Èyí tó kọlu Séverine Vayssade, ẹ̀yìn ọkùnrin ló bá wọlé. Ẹ̀yìn gan-an ni mò ń wí o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí oṣù kẹfà ti wọlé títí ìgbà ìwọ́wé fi dé, ohun tó mọ̀ jù lára Ronan Kerbrat ni ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ̀wù búlúù tó ti ṣá, ọrùn tí oòrùn sun di pupa, etí òsì tó na síta ju ọ̀tún lọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í pé báwo lojú ọkùnrin náà ṣe rí, á kọ́kọ́ ronú kó tó dá yín lóhùn.

Séverine yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Fernand àti Josette Vayssade bí. Ó ti gbé Toulouse rí, òun àti ọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin yẹn ní òun fẹ́ dá wà kí òun fi mọ ara òun. Oṣù kan ò pé tó fi ń mọ ara rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mìíràn. Ni Séverine bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sí oko bàbá rẹ̀ ní Saint-Vérac, ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nílùú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń sùn nínú yàrá tó ti sùn ní kékeré. Ìyá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló burú. Ìyá rẹ̀ kàn ń wò ó ṣáá, bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí kò tíì hó. Nígbà tí wíwò yẹn sú u, ó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, ó gbọ̀nà lọ.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọ̀nà ibẹ̀ yẹn. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lọ́ bí ìfun ewúrẹ́, igi wà lápá ọ̀tún, ọgbà màlúù wà lápá òsì. Èèyàn lè gùn ún láti àárọ̀ dọ̀sán kó má pàdé ju ọkọ̀ búrẹ́dì kan àti katakata kan lọ. Kò sí fèrè, kò sí èéfín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá tó jáde, ó gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ṣì ń mí.

Ọ̀sán Sátidé kan ló yí kọ́nà, ló bá bá màlúù tó kún títì fọ́fọ́. Ọkùnrin gíga kan wà láàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró síbẹ̀! Màlúù tèmi kọ́ o. Tí wọ́n bá sá wọ oko àgbàdo, kí ni mo fẹ́ wí fún oní-nǹkan?”

“Tí kì í bá ṣe tiyín, ibo lẹ ń kó wọn lọ? Ṣé olè ni yín ni?”

“Olè kẹ̀! Olè wo ló ń kó màlúù gba àárín títì lọ́sàn-án gangan, tó tún wọ bàtà kẹ̀kẹ́?”

Séverine wolẹ̀. Lóòótọ́ ni. Bàtà àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ gidi ni ọkùnrin náà wọ̀, tí irin kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dún ko-ko-ko lórí ọ̀dà, ìgbẹ́ màlúù sì ti bò ó dé kókósẹ̀. Ẹ̀rín pa Séverine. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ó wo kẹ̀kẹ́ Séverine.

“Àga yín ti lọlẹ̀ jù. Orúnkún yín á bá yín ṣèjọ̀ngbọ̀n lọ́la.”

“Ta ló bi yín?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Orúnkún bá a ṣèjọ̀ngbọ̀n lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, ó sì bínú sí ọkùnrin náà bíi pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ orúnkún ọ̀hún.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà, Ronan Kerbrat, nìyẹn: tí àgbẹ̀ kan bá ṣàìsàn, tàbí tó bá fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ wo òkun, Ronan ni wọ́n á pè wá bá wọn fún wàrà màlúù. Ilé onílé, màlúù oní-màlúù. Kò ní oko, kò ní màlúù kan ṣoṣo. Bretagne ló ti wá, ní àríwá lọ́hùn-ún lẹ́bàá òkun, gbogbo ohun tó sì kó bọ̀ wà nínú ọkọ̀ kékeré kan tí kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó so okùn náà pọ̀ ni Àǹtí Paulette, àbúrò Fernand, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún díẹ̀. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tó ń jáde ní gbogbo Sọ́ńdè láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní bátìrì. Tí wọ́n bá dórí òkè, gbogbo ọkùnrin á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, Àǹtí Paulette á fò kọjá lára wọn, á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́!” Wọ́n kórìíra rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló fa Séverine wọ ẹgbẹ́, òun ló sì sọ fún Ronan pé, “Ọmọ mi ò lágbára afẹ́fẹ́. Ìwọ máa wà níwájú rẹ̀.”

Ó sì wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹni tó ṣíwájú ló ń jẹ gbogbo ìyà afẹ́fẹ́, ẹni tó fara mọ́ ọn lẹ́yìn, ìdajì ìyà ni tirẹ̀. Séverine á fi táyà rẹ̀ sún mọ́ táyà ọkùnrin yẹn, á tẹjú mọ́ ẹ̀wù búlúù yẹn, gbogbo nǹkan á sì dákẹ́. Tí ihò bá wà lójú ọ̀nà, Ronan á fi ìka nà án láti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀, kò ní wẹ̀yìn. Tí òkúta bá dà sílẹ̀, á ju ọwọ́ síbí, á jù ú sọ́hùn-ún. Èdè wọn nìyẹn. Séverine á máa rò ó pé, látìgbà tí wọ́n ti bí mi, ta ló ti ń sọ ibi tí ihò wà fún mi rí?

Àmọ́ ẹ wá wo wàhálà o. Tí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀, ó tán. Wọ́n á jókòó sí ilé kọfí, ife á wà níwájú wọn, Ronan á wo ife, Séverine á wo ife.

“Kọfí náà gbóná.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbóná.”

Ó tán. Séverine á délé, á dùbúlẹ̀, á wo àjà. Kí ni mo fẹ́ràn gan-an? Ṣé ọkùnrin yìí ni àbí ọ̀nà? Tí wọ́n bá fi ẹlòmíì síwájú mi, tó wọ ẹ̀wù búlúù, ṣé ọkàn mi ò ní balẹ̀ bákan náà? Àbí ẹ̀yìn èèyàn ni mo fẹ́ fẹ́?

Ó gbé e lọ bá Àǹtí Paulette.

“Àǹtí, tí a bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ọkàn mi á tòrò bí omi inú àmù. Tí a bá sọ̀kalẹ̀, ńṣe la máa dà bí àwọn méjì tó jọ ń dúró de dókítà.”

“Ọkùnrin Toulouse ńkọ́? Ṣé kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni?”

“Ó mọ̀ ọ́n sọ.”

“Kí ló wá fi ẹnu dídùn yẹn rà fún ẹ?”

Àǹtí Paulette ti dìde, ó ń gbé omi kaná.

“Ó dáa. Wá bá mi po tíì, jẹ́ n rí nǹkan mu.”

Ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń gun òkè Combenègre, àwọn méjì péré, torí àwọn yòókù ti yà gba ìsàlẹ̀. Òkè yẹn ò láàánú. Ibi tó ti le jù, tí Séverine ti ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni Ronan ti dẹwọ́, tó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní:

“Séverine, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé ibi tí wọ́n ti ń bi èèyàn nìyẹn?

“Mi ò… mi ò lè…”

“O ò lè fẹ́ mi?”

“Èémí! Mi ò rí… èémí… mí!”

“Hẹn. Mo lè dúró.”

Wọ́n dókè. Ó fara ti kẹ̀kẹ́, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ronan ń wo àfonífojì, kò wò ó.

“Ìbátan mi kan ní Bretagne fẹ́ kí n wá bá òun pín agbo màlúù òun. Oṣù kẹwàá ò gbọdọ̀ tán kí n tó dá a lóhùn. Tó o bá ní kí n dúró, mo dúró. Tó o bá ní ká jọ lọ, a jọ lọ. Tó o bá kọ̀, màá lọ ní tèmi, torí mi ò lè máa gun ọ̀nà yìí kí n má gbọ́ ṣéènì ẹ lẹ́yìn mi.”

“Ṣéènì mi?”

“Ó ń dún díẹ̀. Tí mi ò bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń dẹwọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó tíì bá a sọ nìyẹn. Séverine fẹ́ fèsì. Gbogbo ohun tó rí sọ ni pé, “Fún mi láyè.” Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ti fẹ́ bu ara rẹ̀ jẹ. Àyè kí ni? Obìnrin tí ọkọ ń bẹ níwájú rẹ̀, ó ń tọrọ àyè!

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Paulette gba iṣẹ́ alárinà. Kò fi kẹ̀kẹ́ wá, ó wọ bùláọ̀sì funfun, ó gbé wáìnì dání. Ó dúró kí Fernand jẹ aligot rẹ̀ yó ná, ànàmọ́ gígún tó fa yọ̀ọ̀ pẹ̀lú wàràkàṣì, torí ebi kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́rọ̀.

“Fernand, ọmọkùnrin kan ń béèrè ọmọ wa.”

“Èwo nínú wọn?”

“Ti Bretagne. Ronan.”

“Tó ń bá àwọn ọ̀lẹ fún wàrà?”

“Tó ń bá àwọn tó ṣàìsàn fún wàrà.”

“Ó ní oko?”

“Kò ní.”

“Màlúù?”

“Kò ní.”

“Kí ló wá ní?”

“Kẹ̀kẹ́.”

Fernand gbé ṣíbí sílẹ̀. “Kẹ̀kẹ́! Ibo ló ń gùn ún lọ?”

“Wọ́n ń gùn ún yíká.”

“Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n máa padà sí. Paulette, ajá mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fún un lọ́mọ.”

Àǹtí Paulette ní, “Ajá rẹ mọ èèyàn kí jù ẹ́ lọ.”

“Ẹ má jà,” ni Josette wí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Séverine, ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?”

Gbogbo wọn yíjú sí i. Kódà ajá yẹn wò ó. Séverine la ẹnu. Ó mọ̀ pé tí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun á kùn títí á fi gbà. Ó mọ̀ pé tí òun bá ní rárá, ọ̀rọ̀ tán.

“Mi ò mọ̀,” ló jáde.

“Ẹ ò gbọ́ ọ!” Fernand pàtẹ́wọ́. “Òun gan-an ò mọ̀! Paulette, o gbé wáìnì wá torí ẹni tí kò mọ̀!”

Ṣùgbọ́n Àǹtí Paulette kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní ẹni tí èèyàn ò tíì rí, èèyàn ò lè kọ̀ ọ́. Ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á gba ẹnu géètì àwọn Vayssade kọjá, kí Josette gbé kọfí àti búrẹ́dì dídùn síta, kí Fernand dúró, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ọmọ náà. Fernand kùn. Kíkùn yẹn, ìyàwó rẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ sí ó gbọ́.

Ọjọ́ náà pé. Òwúrọ̀ tútù, ìkùukùu wà nísàlẹ̀ àfonífojì. Séverine ò sùn dáadáa. Ó ti pinnu pé tí òun bá rí Ronan níwájú bàbá òun, tí òun rí bó ṣe dúró, bó ṣe la ẹnu, òun á mọ̀. Ara òun á sọ fún òun. Ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀wù búlúù wà níwájú rẹ̀.

Ó ku kọ́nà kan kí wọ́n dé. Ronan dẹwọ́, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ṣé lẹ́yìn kọ́nà yẹn ni ilé yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Máa lọ.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Máa lọ níwájú, Séverine. Máa lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì fà sẹ́yìn. Séverine rò pé táyà ẹnì kan ló jò. Ó lọ. Afẹ́fẹ́ gbá a lójú, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́. Ó yí kọ́nà, ó rí géètì, ó rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwo, ó rí bàbá rẹ̀ tó wọ fìlà tó máa ń wọ̀ lọ ìsìnkú. Ó tẹ bíréèkì, ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó wẹ̀yìn.

Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀nà ṣófo.

“Àwọn yòókù dà?” ni Josette bi í.

“Wọ́n… wọ́n ń bọ̀.”

Wọn ò bọ̀. Ẹyẹ kan ké. Fernand wo ọ̀nà títí, ó wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣe bákan, bí ìgbà tí nǹkan ta síni lójú. Ló bá fi imú rẹ́rìn-ín.

“Ọkọ ìyàwó rí géètì àna, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́.”

Ara Séverine gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Nígbà tí ẹgbẹ́ yọ, wọ́n rọra ń bọ̀, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, Ronan ló ṣíwájú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó kí Fernand dáadáa, “Ẹ káàárọ̀, sà,” Fernand sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Séverine fa ọkùnrin náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi màlúù.

“Ṣé bó o ṣe fẹ́ máa ṣe nìyẹn?”

“Ṣe kí ni?”

“Kó o máa tì mí síwájú bàbá mi bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń tì lọ sọ́jà, kí ìwọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi?”

“Fara pamọ́? Séverine, mo dá gbogbo wọn dúró fún ẹ ni!”

“Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó o wà níwájú mi nìyí. Ọjọ́ kan!” Omijé ti dé. “Bretagne tó ò ń wí, máa lọ. Mo ti dá ẹ lóhùn.”

Ronan wò ó bí ẹni tí màlúù tó ń fún wàrà rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣàdédé gbá nípàá. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó lọ. Kò mu kọfí. Séverine dúró síbẹ̀, inú ń bí i, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbínú yẹn nǹkan kan ń béèrè pé, tí kò bá jẹ́ nǹkan kan sí mi, kí ló ń dùn mí tó báyìí? Tó bá sì jẹ́ nǹkan kan, kí ló dé tí mo lé e? Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá.

Odidi ọ̀sẹ̀ ni kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Àǹtí Paulette ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ó ní òun wá ra ìpara orúnkún.

“Ọmọ yẹn ti ń palẹ̀ ẹrù. Kí lo ṣe fún un?”

“Kí ló ṣe fún mi ni kẹ́ ẹ bi! Ó sá fún bàbá mi. Ó jẹ́ kí n dá wọlé bí ọmọ òrukàn.”

Àǹtí Paulette gbé ìpara sílẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò.

“Olúwa ò! O ò mọ̀?”

“Mọ kí ni?”

“Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́? Èmi ni, mo jẹ̀bi. Gbọ́. Láàárín àwa oníkẹ̀kẹ́, tí ọ̀nà bá gba iwájú ilé ẹnì kan, gbogbo ẹgbẹ́ á fà sẹ́yìn. Wọ́n á jẹ́ kó dá nìkan ṣíwájú, kó lọ kí ìyá rẹ̀, kí àwọn ará ilé rí i pé ọmọ tiwọn ló kọ́kọ́ yọ. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun gan-an ń ṣe é, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń du owó. Kò sí ẹ̀yẹ tó jù ú lọ. Èmi tí ẹsẹ̀ ń yún, mo fẹ́ kọjá. Ó na ọwọ́ dí mi, ó ní, ‘Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ilé rẹ̀ nìyẹn.’ Mo pa bátìrì!”

Séverine jókòó sórí páálí òògùn. Àwọn oníbàárà ń wò ó.

“Mo rò pé o mọ̀,” ni Àǹtí Paulette ń wí. “Gbogbo ilẹ̀ Faransé ló mọ̀. Bàbá ẹ alára, tí kò fẹ́ gbọ́ kẹ̀kẹ́ sétí, nínú oṣù keje, tí wọ́n bá ń sá eré kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn yí orílẹ̀-èdè ká, ta ló ń dùbúlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ní òun ń sùn, tó sì ń la ojú kan?”

Ó mọ̀? Bàbá òun mọ̀?

Ó bá Fernand lẹ́bàá ọgbà, ó ń kan ìṣó mọ́ òpó tuntun.

“Bàbá, ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí n dá nìkan wọlé.”

Fernand gbá ìṣó náà dé ìsàlẹ̀ kó tó dáhùn. “Mo mọ̀.”

“Ẹ sì fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Mo fi ẹ́ rẹ́rìn-ín.”

“Kí ló dé?”

Ó wá ìṣó mìíràn nínú àpò, kò rí i, ó sì ń wá a lọ.

“O yọ ní kọ́nà yẹn, ìwọ nìkan, ojú ẹ pọ́n, orí ẹ gbé sókè. Kó o tó dé géètì, mo sọ fún ìyá ẹ pé ọmọkùnrin yẹn, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ni ẹ̀rù bá bà mí. Èyí tí kò dáa, á lò ẹ́, á dá ẹ padà fún wa bíi ti Toulouse. A ó bínú, ṣùgbọ́n wàá wà nílé. Èyí tó dáa yìí, Séverine, èyí tó dáa ni kì í dá ọmọ padà.”

Séverine fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, kò sì ṣe ìkankan. Bàbá rẹ̀ fi òòlù nawọ́ sápá òkè.

“Ọ̀dọ̀ àwọn Bessière ló wà. Wọ́n ti lọ wo òkun, àwọn ọ̀lẹ. Àsìkò wàrà ìrọ̀lẹ́ ti tó.”

Òjò ń rọ̀. Séverine wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ilé katakata, ó kọjá lára rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìyá rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ni, kí ọ̀nà má sí níbẹ̀. Kí ó rí ọkùnrin yìí láìsí òkè, láìsí igi, láìsí afẹ́fẹ́, kí ó mọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ilé ìfúnwàrà àwọn Bessière, ẹ ò ní gbàdúrà kẹ́ ẹ wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké bí ẹni tó ń lọ òkúta, rédíò ń pariwo lórí rẹ̀, ìgbẹ́ ń ta, ìmọ́lẹ̀ funfun kan wà tó ń mú ojú èèyàn dà bí òkú. Ronan wà nínú kòtò láàárín ìlà màlúù méjì, ó wọ bàtà rọ́bà. Ó gbójú sókè, ó rí i. Ó sọ nǹkan. Séverine ò gbọ́. Òun náà sọ nǹkan. Ronan fi ọwọ́ kan etí, ó mi orí.

Kí ló tún kù tí èèyàn á ṣe? Ó mú aṣọ rọ́bà tó wà lórí ìkọ́, ó so ó mọ́ iwájú, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó bọ́ sí ìlà tòsì. Ọmọ oko ni, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Ó nu ọmú màlúù, ó fi ẹ̀rọ sí i, ó bọ́ sí èyí tó kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, Ronan ń ṣe ti ọ̀tún. Ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn ni wọ́n wà, kò rí ẹ̀wù, kò rí ọrùn. Màlúù kan fẹ́ tàpá, kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Ronan ti kọjá ní èjìká rẹ̀, ó ti dì í mú, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀.

Séverine bá dúró gbagidi, aṣọ tó fi ń nu ọmú màlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ariwo yẹn, nínú òórùn yẹn, ọkàn rẹ̀ ti tòrò. Kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ìdákẹ́ tó ti rò pé inú igbó ni òun ti ń pàdé rẹ̀, ó ti wà nínú kòtò yìí, ó ń fún wàrà.

“Ìwọ ni!” ó kígbe.

“Kí ni?”

“Mo ní ìwọ ni! Kì í ṣe ọ̀nà!”

“Ọ̀nà wo?”

“Má bínú sí mi! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yẹ ni!”

“Kí lo ní?!”

“Mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Màá fẹ́ ẹ! Orí mi ṣì dàrú o, mi ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n màá…”

Ibẹ̀ ni Ronan ti na ọwọ́ pa ẹ̀rọ, ó pa rédíò.

“…fẹ́ ẹ!” ni Séverine kígbe sínú ìdákẹ́rọ́rọ́. Ó dún kan ògiri. Gbogbo màlúù Bessière yí orí padà, wọ́n wò ó.

Ronan ò sún. Omi ń kán lára aṣọ rọ́bà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n láti ọrùn lọ dé etí.

“Ṣé ibí la máa gbé ni, àbí Bretagne?”

“Mi ò mọ̀.”

“Èmi náà ò mọ̀.”

“Bàbá mi máa kùn.”

“Jẹ́ kó kùn. Màá jókòó tì í títí á fi kùn tán.”

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ife kọfí láàárín wọn tí wọ́n máa wò. Séverine fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún díẹ̀. Nígbà náà ni màlúù kan nínú ìlà òsì ké kíkan, torí wàrà rẹ̀ ti kún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ń gbéyàwó. Ronan tan ẹ̀rọ padà.